Ìyàwó Aago Mẹ́jọ

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, ilé ìtẹ̀wé kan tẹ ẹgbẹ̀rún méjì pósítà láti fi la àwọn ọ̀dọ́ lójú nípa kòkòrò HIV. Agbárí òkú wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lábẹ́ agbárí náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: Ẹ GBÉ E JÌNNÀ SÍ ỌWỌ́ ỌMỌDÉ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó bínú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ni iṣẹ́ náà wò ó, ó ní ó dára, ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ ló to ojú ìwé ọ̀hún. Ó ń wá àwòrán tó máa ba àwọn ọmọ lẹ́rù, ó sì rántí pé àwọn ti tẹ páálí oògùn eku rí. Ó gbé agbárí orí páálí oògùn eku, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ HIV, ìkìlọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì bá a wá bí ìrù ṣe ń bá ajá rìn. Bí àwọn àgbà ṣe ń la ọ̀dọ́ lójú nìyẹn: wọ́n á kọ ìkìlọ̀ fún un, wọ́n á sì gbé ìkìlọ̀ náà jìnnà sí i.

Ẹni tó yẹ kó to ojú ìwé náà kò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọbìnrin kan ni, ó ti lé lógún ọdún dáadáa, ó gba ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ìyàwó Aago Mẹ́jọ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́.

Láràárọ̀, tí aago mẹ́jọ bá ti lù, fóònù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Á dìde nídìí kọ̀ǹpútà, á mú ìgò omi, á gba ẹ̀yìn òkìtì bébà lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó yíǹkì sí. Láìpẹ́ á padà dé, á nu ẹnu, á jókòó. Ìyá Adìwé, obìnrin tó ń rán ìwé tó sì ń lẹ èèpo mọ́ ọn, ló kọ́kọ́ tú àdììtú náà, tó sì tú u sódì.

"Ọkọ ni," ló sọ. "Ọkùnrin tó bá ń pe obìnrin láràárọ̀ láìyẹ̀, ọkọ ni. Tèmi ò pè mí láàárọ̀ rí, àfi tó bá ń wá ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Ṣebí ò ń nu ẹnu bọ̀. Àbí fóònù lò ń fẹnu kò lẹ́nu ni?"

Gbogbo ilé ìtẹ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà bá wọn rín in. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Irọ́ tí ẹlòmíràn bá bá ni pa kì í wúwo láti gbé.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé oògùn ló ń lò. Kòkòrò HIV wà lára rẹ̀, hóró kan lójúmọ́ ló sì fi ń dè é mọ́lẹ̀. Ó ti ń lò ó tipẹ́, kì í pa á jẹ. Ara rẹ̀ le. Páálí bébà tí àwọn ọkùnrin ń rojọ́ lé lórí kí wọ́n tó gbé e, òun á ti gbé e kọjá. Bó ṣe kó kòkòrò náà kò sí nínú ìtàn yìí. Ìyẹn lo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀, àbí? Kò kàn ẹ́.

Ohun tó kan òun ni Agéwèé. Agéwèé ni ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ abẹ ńlá tó ń gé bébà sí ìwọ̀n. Ó ga, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Àjákù bébà tó bá kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹlòmíràn á dà á nù. Òun á tò ó, á fi àtè lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, á sọ ọ́ di ìwé pélébé, á sì gbé e sórí tábìlì ọmọbìnrin náà láìsọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà kì í kọ nǹkan kan sí wọn, torí orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti pọ̀ jù lórí tábìlì, ilé ló ń kó wọn lọ. Kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹyọ kan rí.

Nígbà tó yá, ẹ̀bùn dúró. Agéwèé kò fẹ́ bá ọkọ aláago mẹ́jọ du ìyàwó. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n tẹ pósítà yẹn, ó wá jókòó ti ọmọbìnrin náà lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

"Àǹtí mi ti bá mi rí ẹnì kan," ló sọ. "Ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ni. Sátidé ni mò ń lọ rí i."

"Ẹ kú oríire, Bọ̀dá."

"Wọ́n ní tí mo bá ti dé ibẹ̀, kò sí pé mo ṣì ń rò ó mọ́ o."

"Ẹ má rò ó nígbà náà."

Ọkùnrin náà ń wò ó bí ẹni tó ń retí kí wọ́n di òun lápá mú. Ọmọbìnrin náà ń wo àwo oúnjẹ rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Bó bá ní kò sí ọkọ kankan, wọ́n á bi í léèrè ohun tí fóònù ń ké fún. Bí kò bá sì sọ ọ́, Sátidé ń bọ̀. Ó jẹun tán, ó fọ àwo. Lọ́jọ́ kejì ó gbàyè lọ gba oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn, Ìyá Adìwé sì kéde fún gbogbo ilé pé ó lọ kí ọkọ ẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà wọlé láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, pósítà ti wà nílẹ̀ ní òkìtì òkìtì, Agéwèé sì ń múra àtigé etí wọn. Ọmọbìnrin náà mú ọ̀kan, ó kà á, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé oògùn eku kọ́ lèyí?"

"Oògùn eku bíi báwo?" Ọ̀gá wá awò ojú rẹ̀, ó fi í sójú.

"'Ẹ gbé e jìnnà sí ọwọ́ ọmọdé.' Àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ̀wé sí nìyẹn o."

Ìyá Adìwé fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ó kù ká kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ má gbé e sítòsí oúnjẹ."

"Ó wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ wo ìsàlẹ̀."

"Wọ́n ti fọwọ́ sí i," ni ọ̀gá wí, ó bọ́ awò náà kúrò kó má bàa rí i mọ́. "Ẹ gé e. Ẹ̀rù la kúkú fẹ́ fi bà wọ́n. Ọmọ tí ẹ̀rù ò bà ò ní gbọ́n."

Ọmọbìnrin náà ka èyí tó kù. HIV LÒPIN AYÉ. ẸNI TÓ BÁ KÓ O TI KÚ. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Irọ́ rèé, Ọ̀gá. Ọmọ tó bá ka èyí ò ní lọ ṣe àyẹ̀wò láéláé. Ta ló máa lọ ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n lè wí fún un pé ó ti kú?"

Agéwèé, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀, yan ọjọ́ yẹn láti dá sí i. "Àbí òótọ́ kọ́ ni? Ẹni tó bá ní in, òkú tó ń rìn ni. Ìsìnkú ẹ̀ ló kù."

Fóònù kọrin.

"Ọkọ ti pè!" Ìyá Adìwé pariwo, inú rẹ̀ dùn pé nǹkan kan fẹ́ bomi pa ìjà. "Lọ gbé e, Ìyàwó! Má jẹ́ ó pẹ́!"

Ọmọbìnrin náà kò gba ẹ̀yìn bébà lọ. Ó ṣí báàgì, ó mú ìgò kékeré funfun kan jáde, ó da hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án síwájú kí gbogbo wọn lè rí i. Ó jù ú sẹ́nu, ó fomi lé e.

"Ọkọ mi rèé," ló sọ. "Oògùn HIV ni. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ wà. Òkú tó ń rìn ló to gbogbo ìwé tí ẹ tẹ̀ lọ́dún yìí. Òun náà ló sì bá ìwọ Agéwèé gbé páálí tó fẹ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, "ẹ" ló ń fún ọkùnrin náà, nítorí ọdún díẹ̀ tó fi jù ú lọ. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó gbà á padà.

Ìyá Adìwé sún mọ́ ọn.

"Ṣé kò sí ọkọ rárá ni?"

"Kò sí, Màmá."

"O wá jẹ́ kí n ra ìkòkò! Mo ti ra ìkòkò ìgbéyàwó sílẹ̀ dè ẹ́! Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, baba àwọn ọmọ ń fẹsẹ̀ gbá a ní gbogbo ìgbà, mò ń ní kó fara dà á, ìyàwó kan ló ni ín! Ìyàwó hóró oògùn!"

Ẹ̀rín já mọ́ ọ̀gá lẹ́nu, ó sì gbìyànjú láti fi ikọ́ bò ó. Agéwèé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ dúró ná. Ṣé kò sí ọkùnrin kankan? Kò sẹ́ni tó ń pè é?"

"Nínú gbogbo ohun tí mo sọ, ṣé ìyẹn lo gbọ́?"

"Ìyẹn ni mo gbọ́," ni Agéwèé wí. Ojú rẹ̀ ń tàn bíi bébà olóòrá.

"Òkú kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́," ni ọmọbìnrin náà fèsì, ó sì padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Kò dárí jì í. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá kò bẹ̀bẹ̀, nítorí àwọn ọ̀gá kì í bẹ̀bẹ̀. Ó kàn pe akọ̀wé ẹgbẹ́, ó ní àṣìṣe wà níbẹ̀, àwọn máa tún un tẹ̀. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà bí ẹni tó ń bi ògiri: "Kí la máa kọ?" Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ pé HIV ní ìtọ́jú, pé oògùn rẹ̀ ń jẹ́ kéèyàn gbó kó sì tọ́, pé àyẹ̀wò ló ń sọ ibi tí èèyàn dúró sí. Ó fi àwòrán ọ̀dọ́ méjì tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn sí i. Agéwèé ló gé àwọn ti tẹ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ọmọbìnrin náà.

"Mo sọ̀rọ̀ burúkú."

"O sọ ọ́."

"Mi ò mọ̀ ni."

"O ò béèrè ni. Ilé ìwòsàn wà ní òpópónà kejì, iwájú ẹ̀ lò ń gbà wá síbi iṣẹ́."

"Mo fẹ́ béèrè wàyí. Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ ẹ, ṣé kò ní kó o?"

"Oògùn mi ti tẹ kòkòrò náà rì débi pé àyẹ̀wò ò rí i nínú ẹ̀jẹ̀ mi mọ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà bẹ́ẹ̀, tí mi ò sì dá oògùn dúró, ẹni tó bá bá mi sùn ò lè kó o."

"Kọ́ńdọ̀ọ̀mù ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti di ti èèrà.

"Ó ṣì wúlò. Àrùn mìíràn wà nílẹ̀. Kí lò ń yọ́ ọ sọ fún? Ṣebí ìwọ lo gé páálí ẹ̀ lóṣù tó kọjá."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ìyá tó bá ń lo oògùn ẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì tọ́jú ọmọ bó ṣe yẹ, lè bímọ tí kò ní in. Ọmọ ta lò ń béèrè?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Ó dáa, ó kàn mí. Ìgbà wo lo ṣe àyẹ̀wò tìẹ kẹ́yìn?"

Agéwèé kò ṣe é rí.

"O rí i báyìí? Èmi mọ ohun tó wà lára mi, ìwọ ò mọ tìẹ. Nínú àwa méjèèjì, èmi ló yẹ kẹ́rù máa bà. Má bá mi sọ̀rọ̀ ìfẹ́ títí o fi mọ̀ ọ́n. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń dá àwọn ọ̀dọ́ lóhùn nílé ìwòsàn náà. Sátidé náà ni tàǹtí ẹ. Èyí tó bá wù ẹ́ ni kó o lọ."

Kò sọ fún un pé òun máa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ó dúró sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé atẹ́gùn lòun wá gbà. Àwọn ọ̀dọ́ ń wọlé ní méjì méjì, wọ́n ń ti ara wọn, ẹnì kan ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ sá. Agéwèé kò sí láàárín wọn. Ó wá rò ó pé àbẹ̀wò yẹn á ti bẹ̀rẹ̀, pé wọ́n á ti máa kí i káàbọ̀ ọkọ wa. Ó ti yí padà láti máa lọ kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré.

Ṣẹ́ẹ̀tì tí Agéwèé lọ̀ de ọmọ ọ̀rẹ́ àǹtí rẹ̀ ló wọ̀.

"Mo ti pe Àǹtí," ló sọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Wọ́n ní ṣé orí mi pé. Mo ní mi ò tíì mọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ yẹ̀ wò."

Yàrá àyẹ̀wò kéré, ó mọ́, fáànù kan ń mi orí nínú rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì mú abẹ́rẹ́, Agéwèé di ojú.

"Ṣé ó máa dùn mí gan-an?"

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?" ni nọ́ọ̀sì béèrè, kó lè fi ọ̀rọ̀ mú ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Abẹ tó gùn tó ẹsẹ̀ mi ló fi ń gé bébà látàárọ̀ dalẹ́," ni ọmọbìnrin náà bá a dáhùn. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná.

Wọ́n ní kó dúró díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tán. Agéwèé di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú, ó ń wo ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin náà ti jókòó de irú èsì yẹn rí, kò sì sẹ́ni tó dì í lọ́wọ́ mú.

Wọn ò rí HIV lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kó lè dájú, ó sì sọ fún un nípa oògùn tí ẹni tí kò ní in lè máa lò kó má bàa kó o. Wọ́n jáde sí oòrùn.

"Bó bá jẹ́ pé wọ́n rí i ńkọ́?" ni ọmọbìnrin náà bi í.

"Ǹ bá bẹ̀rẹ̀ oògùn lónìí. Ẹ̀rù ì bá sì bà mí. Ǹ bá wá bá ẹ pé kó o kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bá a gbé."

Ọmọbìnrin náà dì í lápá mú. "Ó dáa," ló sọ. "Wàyí o lè bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ra nǹkan tútù fún mi ná."

Ìwọ tó ò ń ka èyí, o ti rẹ́rìn-ín tó. Ìgbà wo lo ṣe àyẹ̀wò tìẹ kẹ́yìn? Má wí fún mi pé ara ẹ le. Tọmọbìnrin yẹn náà le. Má wí pé o ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. O mọ̀ ọ́n. Lọ lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá rí i, bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ náà. Bí wọn ò bá rí i, béèrè ohun tó máa dáàbò bò ẹ́, kó o sì lò ó. Má sì dá lọ: mú ẹni tó o ní o fẹ́ràn dání.