Ohùn Tó Ń Pe Àníkẹ́ Nínú Sípíkà

Terry dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wa, ó gbé àwo ọ̀dùnkún díndín lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ohùn Terry kan náà sì ń jáde lọ nínú sípíkà tó wà lókè orí wa, ó ń ka ìbéèrè.

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò mì.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a ti wọ gàù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní onírọ́. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ ìtàn iwin kiri. Ilé ìdáná ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, n ò sì fẹnu kan ọtí rí. Omi ọsàn ni mo mu lọ́jọ́ náà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, n ò ní bù mọ́ ọn.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ni àwa ọmọ ìjọ ń wá nílé ọtí. Linda ló fà á. Òyìnbó ni, òun ni ọ̀gá wa nílé ìdáná, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe ìdíje ìbéèrè ní ilé ọtí kan tí kò jìnnà sí ibiṣẹ́ wa ní Crumpsall, ní Manchester níbí. Àwọn èèyàn á jókòó ní tábìlì tábìlì, ẹnì kan á máa ka ìbéèrè nínú máìkì, wọ́n á máa kọ ìdáhùn sílẹ̀. Terry ni oníbéèrè wọn. Àgbàlagbà ni, ó níkùn díẹ̀, gbogbo obìnrin ló ń pè ní olùfẹ́, bí àwọn ará Manchester ṣe máa ń ṣe.

Linda ti ń bẹ̀ wá tipẹ́. Èmi ò fẹ́ lọ. Bùnmi ló ní a máa lọ.

"Àǹtí mi, ìbéèrè lásán ni, kì í ṣe ọtí. Ẹ jẹ́ kí n fi han àwọn òyìnbó yìí."

"Tí pásítọ̀ bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn ni?"

Àbúrò tí Ọlọ́run fún mi nílùú yìí ni Bùnmi. A ò bá ara wa tan, ilé ìdáná ló pa wá pọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, òun àti Tómi, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n jọ ń gbé ní Old Trafford. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sẹ́ni tó lè bá a figagbága nínú ìdíje ìbéèrè Bíbélì. Kí wọ́n tó ka ìbéèrè tán, Bùnmi ti dìde. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ ìdájọ́, yóò ti dáhùn kí wọ́n tó bi í.

Àwàdà ni o. N kì í ṣe é mọ́.

Ohun kan tún wà. Ìyá Bùnmi kú nígbà òjò tó kọjá. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba, kò lè lọ sílé. Orí fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe sin ìyá rẹ̀.

Láti ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí yìí ni yìnyín ti ń bọ́. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, ilé ọtí ti kún, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi àwa mẹ́ta sí: Linda, Bùnmi, èmi. A ò rí Terry láti ibẹ̀. Sípíkà kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri la fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ká má purọ́, a gbádùn ara wa. Bùnmi ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n fún ní ìdáhùn láti ilé. Linda ń fi apá bo ìwé kí tábìlì kejì má bàa rí i.

"Bùnmi, rọra! O ti ń pariwo ìdáhùn fún wọn."

"Jẹ́ kí wọ́n gbọ́! Wọ́n á ṣì kọ ọ́ sódì."

Nígbà tí wọ́n dá ìdíje dúró kí gbogbo èèyàn sinmi ni Terry wọlé wá bá wa, tòun tàwo ọ̀dùnkún.

Ohùn rẹ̀ ò sinmi.

"Ìbéèrè tó kàn," ni ohùn náà wí lókè.

Terry gbójú sókè. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ta ló wà nídìí máìkì ẹ?" ni Linda bi í.

"Mo ti pa á," ni Terry dáhùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo pa á kí n tó kúrò níbẹ̀."

Ohùn náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n sípíkà yẹn ń mí. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ń mí, bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn tán. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn Terry mọ́. Ohùn obìnrin ni. Yorùbá ló sì fi sọ ọ́.

"Àníkẹ́."

Èmi alára ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo rí ojú Bùnmi ni mo tó mọ̀. Oríkì rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń fi pè é.

"Àníkẹ́ ò."

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé, ẹ mọ ohun tí ara ń ṣe bí ìyá ẹni bá peni lẹ́ẹ̀mejì. Ara ò ní dúró gbàṣẹ. Bùnmi ti ń kúnlẹ̀ láàárín àga àti tábìlì, ẹnu rẹ̀ ti là láti jẹ́ "Mà".

Ilé kan náà tó kọ́ wa pé ká tètè dá àgbà lóhùn ló kọ́ wa pé a kì í jẹ́ ìpè tí a ò rójú ẹni tó pè é. Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá jẹ́ ẹ ti gbà láti bá ẹni tó ń pè é lọ. Mo na ọwọ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí Bùnmi lẹ́nu. Ó gé mi jẹ. Àpá eyín rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

"Ìyá mi ni," ló ń sọ lábẹ́ ọwọ́ mi. "Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀, ìyá mi ni."

Mo fẹnu sí i létí. "Tómi ńkọ́?"

Ara rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Terry gun àga, ó fa wáyà sípíkà yọ. Ó ní òtútù ló ń da wáyà láàmú. Linda ní àbí ká pe dókítà. Mo ní rárá, mo fa Bùnmi jáde sínú yìnyín.

Mo rò pé ó ti tán. Kò tán.

Nínú tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, tí ẹ̀rọ bá kéde ibùdókọ̀ tó kàn tán, á fi "Àníkẹ́" tì í, wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ibùdókọ̀ kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbi iṣẹ́, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pe àwọn nọ́ọ̀sì. Nínú fóònù, kí ẹni tó pè tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí yìnyín bá wà nílẹ̀ nìkan ló ń pè é. Yìnyín ọdún náà ò sì tètè lọ. Bó bá yọ́ díẹ̀, òmíràn á bọ́ lé e.

Pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n fi òróró sí i lórí. Wọ́n ní kó má ṣe dáhùn. Bùnmi wá di ẹni tí kì í jẹ́ ìpè kankan àfi tó bá rí ojú ẹni tó pè é. Ẹ rò ó wò ná, ṣé ó rọrùn? Lọ́jọ́ Sunday kan, ìyá ìjọ wa yọ sí i níwájú tìbínú-tìbínú.

"Bùnmi, mo pè ọ́ lẹ́yìn títí, o ń lọ ní tìrẹ! Ṣé o ti ga ju ẹni tí à ń pè lọ ni?"

Bùnmi kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ fún wọn?

Ìyẹn ṣì kéré. Lọ́jọ́ kan mo wà nílé wọn, Tómi wà ní balùwẹ̀ lókè. Ó ké pé, "Mọ́mì! Ọṣẹ ti wọ̀ mí lójú!" Bùnmi ju abọ́ sílẹ̀, ó sáré gun òkè láìfọhùn, ọmọ ń ké, ìyá ò dáhùn, títí tó fi ṣílẹ̀kùn tó rí i. Mo gbọ́ ohun tí ọmọ náà bi í.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?"

Lọ́jọ́ yẹn ni Bùnmi sọ ohun tó dẹ́rù bà mí ju sípíkà lọ. Ó ń nu abọ́, kò wojú mi.

"Àǹtí, ó ti rẹ̀ mí. Wọ́n ti ń sunkún báyìí tí wọ́n bá ń pè mí. Tí mo bá dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré ńkọ́? Kí n kàn ní ẹ pẹ̀lẹ́ mà. N ò kúkú sin wọ́n."

"Ìyá tó bí ẹ mọ̀ pé o lọ́mọ," ni mo wí. "Ìyá tó bí ẹ ò ní pè ẹ́ kúrò lọ́dọ̀ Tómi."

"Ta wá ni?"

N ò mọ̀. Mi ò tíì mọ̀ títí dòní. Mo kàn mọ̀ pé ó ku díẹ̀ kó dáhùn.

Nígbà tó yá, Linda ní ìdáhùn tí a kọ kí a tó sá kúrò ló gbé wa sípò kìíní lọ́jọ́ ìdíje yẹn o, pé agolo bisikíìtì ẹ̀bùn wa ṣì wà lọ́wọ́ Terry. Mo ní kó bá wa jẹ ẹ́. Bùnmi ní òun máa lọ gbà á, òun fẹ́ fojú rí ibẹ̀ lójú ọ̀sán. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jọ ń lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni. Oòrùn yọ, yìnyín ń yọ́, omi ń kán tó-tó-tó láti òrùlé. Kò sí oníbàárà kankan. Terry nìkan ló wà níbi máìkì rẹ̀, ó ń tún wáyà ṣe.

"Àwọn akọni mi dé!" Ó na ọwọ́ sí agolo náà lórí tábìlì tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni sípíkà ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Àníkẹ́."

Ó ń sunkún lóòótọ́. Mo gbọ́ ọ. Bùnmi ki etí síkáàfù rẹ̀ bọ ẹnu, ó di ọwọ́ mi mú, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Àníkẹ́. Àníkẹ́ ò."

Terry wò wá, ó wo sípíkà. Ojú àánú ló fi wò ó.

"Ẹ ò gbọ́ ìyá àgbà yìí ni? Ó ti ń pe èèyàn láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Kò dáa bẹ́ẹ̀."

"Terry, má ṣe..."

Tábìlì wà láàárín wa. Ọwọ́ tó tó ẹnu Bùnmi ò tó ẹnu rẹ̀. Ó ti tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ sínú máìkì bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Èmi rèé, olùfẹ́. Mò ń gbọ́."

Ẹkún náà dá. Mímí náà dá. Yìnyín tó kù lórí òrùlé já bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, gbì! Gbogbo wa ta gìrì. Terry bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ rí i? Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ."

Nígbà tí a délé Bùnmi, a ò tíì bọ́ bàtà tí Tómi fi ké láti òkè: "Mọ́mì!" Bùnmi dúró. Ó wò mí. Mi ò lè sọ pé kó dáhùn, mi ò lè sọ pé kó má dáhùn. Ó wá lanu, láìrí ojú ọmọ náà.

"Ọmọ mi!"

A dúró, a ń retí. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, àfi ẹsẹ̀ Tómi tó ń sáré bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ yẹn ló tán fún Bùnmi. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó tún pè é.

Ì bá wù mí kí n dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Monday Linda wá bá mi nídìí ìkòkò.

"Terry ní kí n bi yín, ta ni Àníkẹ́? Ó ní obìnrin kan ń fi pe òun nínú rédíò."

"Ṣé ó ń dáhùn?"

"Ẹ mọ Terry. Kò lè ṣe kó má dáhùn."

Mo ní kó sọ fún un kó jáwọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin àti ìgbàgbọ́ yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú òtútù yìí, ẹ gbọ́ tèmi. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ kọ́kọ́ wá ojú. Bí kì í bá sì ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń pè, bó ti wù kí àánú ẹni tó ń pè ṣe yín tó, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jẹ́ ìpè rẹ̀. Wọ́n ní yìnyín tún ń bọ̀.