A Kì í Fi Ojú Òkú Di Ẹja

Kẹ́, kẹ́, kẹ́, àlùmọ́gàjí bàbá onípépà ń jẹ ìwé lọ, mo sì dúró níwájú tábìlì rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Agric, mò ń fi ẹsẹ̀ kan họ èkejì. Ìyá mi ló rán mi wá gba pépà àtijọ́ tí yóò fi di ẹja díndín. Ṣùgbọ́n arúgbó ọmọ Ẹ̀pẹ́ yìí kì í fún ẹnikẹ́ni ní pépà, àfi tó bá kọ́kọ́ gé gbogbo àwòrán ojú ìwé ìkéde òkú kúrò. Á gé etí fìlà yípo, kò ní gé ṣóńṣó gèlè dànù, á sì tò wọ́n sínú páálí bàtà.

Ìyá mi pariwo láti ìdí agbada: "Bàbá, epo mi ń jó! Ṣé ẹ ò tíì sìnkú tán ni?"

"Ìyàwó wa, fara balẹ̀. A kì í fi ojú òkú di ẹja. Ìyá ẹnìkan nìyí."

Láàárọ̀, àwọn ọkùnrin máa ń yí tábìlì náà ká, wọ́n á máa ka àkọlé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ má fojú jẹ ẹ́ tán o," ni bàbá máa ń wí. "Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ẹni tó máa rà á."

Nígbà tí fóònù dé ọwọ́ gbogbo wọn, wọn ò tilẹ̀ dúró mọ́. Ìyá mi ní kí bàbá yáa máa ta káàdì fóònù. Ó mi orí.

"Ìròyìn lè wọ inú fóònù. Ẹni tí màmá rẹ̀ kú á fẹ́ ohun tó lè dì mú. Ìyẹn ni pépà máa fi yè."

Òótọ́ ni, àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nìkan ló kù tó ń rà á, ẹ̀dà mẹ́fà, ẹ̀dà mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò pọ̀ tó. Bàbá palẹ̀ tábìlì mọ́, ó padà sí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ló kú sí.

Àtẹ̀jíṣẹ́ sórí fóònù ìyá mi ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi kéde ikú rẹ̀: gbólóhùn mẹ́ta, kò sí àwòrán. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ìyá mi fi ń ra pépà, tó ń fi ọwọ́ elépo ṣí ojú ìwé ìkéde òkú. A ò rí i. Nígbà tó yá, fóònù náà bàjẹ́, ó gbé gbólóhùn mẹ́ta náà lọ.

Inú fóònù ni èmi náà ti ń ka ìròyìn báyìí. Ṣùgbọ́n tí pépà bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, n kì í fi di nǹkan kan títí n ó fi mú àlùmọ́gàjí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé etí fìlà yípo. Páálí bàtà tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ojú bàbá onípépà ò sí níbẹ̀.