Ìbora Tí Ardith Rán fún Corinne

Bí ẹ bá fẹ́ rí Ardith Voss, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ní oṣù kẹwàá, ẹ má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn iwájú. Kò ní gbọ́. Ẹ yí sẹ́yìn ilé, níbi tí Orrin ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé katakata rẹ̀ sí kó tó kú. Ibẹ̀ ni Ardith sọ di ilé iṣẹ́. Ó fi gíláàsì sí ògiri tó kọjú sí òkè, ó ní kí wọ́n gbé sítóòfù onígi wọlé, ó sì sọ fún mi pé iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbé igi wá. Mo ń gbé e wá látìgbà náà. Wọn ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí.

Ìgbà ìwọ́wé ni iná iṣẹ́ máa ń jó lára rẹ̀. Nígbà ooru, á jókòó bí ọmọ ènìyàn, á mu tíì, á gbọ́ rédíò. Ṣùgbọ́n bí ewé igi mépù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lẹ́yìn ilé báyìí, ó parí. Á kó èèpo wọ́nọ́ọ̀tì sínú ìkòkò, á sè é títí omi rẹ̀ á fi dúdú, á wá ri aṣọ funfun bọ̀ ọ́. Á se èèpo àlùbọ́sà fún àwọ̀ ìyeyè. Gbogbo ilé á máa rùn. Aṣọ á wà lórí okùn, lórí àga, lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo fẹ́ sùn lé nígbà kan tí ìjì dá mi dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, á mú àlùmọ́gàjí, á gé àwọn aṣọ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á tẹ́ wọn sórí tábìlì, á máa ṣí wọn nípò kiri, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Àwọn obìnrin yòókù máa ń ra àwòrán tí wọ́n máa tẹ̀ lé ní ṣọ́ọ̀bù. Ardith kò rà á rí. Ohun tó bá rí lórí òkè lójú gíláàsì yẹn ló ń rán.

Bó bá rán àwọn ègé náà pọ̀ tán, ìgbà yẹn niṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Á tẹ́ òwú sábẹ́ rẹ̀, á tẹ́ aṣọ mìíràn sábẹ́ òwú, á na mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí férémù igi, á wá fi ọwọ́ rán wọn mọ́ra láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wò nílùú yìí, ìyẹn ojú ibi tí òwú gbà wọlé tó sì gbà jáde. Bí ẹ bá gbé ìbora wá síbí, àwọn obìnrin á kọ́kọ́ yí i dojú dé, wọ́n á wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì dárúkọ ẹni tó rán an fún yín. Mo ti gbọ́ tí wọ́n mọ ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ obìnrin tó ti wà nínú sàréè tipẹ́tipẹ́.

Kò sí ọmọ tí wọ́n bí nílùú yìí láti ogójì ọdún tí kò tọ̀ sórí ìbora Ardith. Gbogbo pásítọ̀ tó bá gbé ibí ló ń fi ọ̀kan bora. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá jó, Ardith á rán tirẹ̀. Àfi ọmọ tirẹ̀ kan ṣoṣo, Corinne. Abẹ́ férémù yẹn lọmọ náà dàgbà sí, tó ń jókòó síbẹ̀ bí ológbò, tó ń wo bí ẹnu abẹ́rẹ́ ṣe ń yọ tó ń padà. Nígbà tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ìbora ìyàwó pásítọ̀ ló wà lórí férémù. Ardith lọ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi ribọ́nì dì í. Corinne dúpẹ́. Ó kó lọ sí Minneapolis, ó gbé ọ̀rọ̀ náà sínú, ó sì ń pọn ọ́n níbẹ̀ bí ọtí.

Ìgbà Àjíǹde tó kọjá ló tó tú u jáde. A jẹun tán, Ardith ń fọ abọ́.

Corinne ní, “Mọ́mì, mo fẹ́ ìbora kan lọ́wọ́ yín.”

“Irú èwo?”

“Èyí tí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín rán. Kì í ṣe ti ẹgbẹ́ aránṣọ yín o. Ẹ̀yin nìkan.”

“Ọwọ́ mi ti bàjẹ́, Corinne. Ojú mi náà ò sunwọ̀n mọ́. Ó máa wọ́.”

“Kó wọ́ kẹ̀. Kó wọ́ bí ọ̀nà tó lọ sílé Ọ́ńkù Merle.”

Mo ní, “Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí ló kan ọ̀nà ilé mi nínú ọ̀rọ̀ yín?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Ardith fọ abọ́ kan náà títí, kò gbé e sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí ọmọ rẹ̀ lè sọ pé, ìyá mi rán tèmi náà.

Ìgbà ìwọ́wé dé, ó bẹ̀rẹ̀. Òkè ẹ̀yìn ilé ló rán, bó ṣe rí láti fèrèsé yàrá tí Corinne gbé lọ́mọdé. Ó fi aṣọ tó rẹ sínú omi wọ́nọ́ọ̀tì ṣe ilẹ̀, ó fi ti èèpo àlùbọ́sà ṣe igi bẹ́ẹ̀ṣì tí wọ́n ti gé láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú rẹ̀ ti burú nígbà yẹn. Ó ń rí ẹ̀gbẹ́ nǹkan, kò rí àárín rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti wú kókókókó bí ata ilẹ̀, orí wọn sì ti kú. Èmi ni mò ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún un láràárọ̀, ó sì máa ń bú mi pé ọwọ́ mi ń rùn bí epo ọkọ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wá ránṣọ nílé iṣẹ́ náà. Lavonne Teske ni olórí wọn. Òun àti Ardith jọ lọ síléèwé ni. Èèyàn rere ni Lavonne. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ṣáájú, nítorí mo ṣì máa bú u.

Ardith na ìka sí férémù lójú wọn. Ó ní, “Ẹ lè jẹ kéèkì mi, ẹ lè mu kọfí mi, ẹ lè bú Merle. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kan èyí. Ti Corinne ni.”

Lavonne ní, “Ta ló fẹ́ kàn án? Máa ṣe tìẹ jẹ́jẹ́.”

Ṣùgbọ́n wọ́n rí i. Ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ Ardith ti dà bí ìgbà tí adìyẹ rìn nínú ẹrẹ̀: ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan fò kọjá. Àṣà kan sì wà láàárín àwọn obìnrin ìlú yìí. Bí ọwọ́ àgbà wọn kan bá ti kọ iṣẹ́, wọn kì í sọ fún un. Wọ́n á dúró títí á fi jáde, wọ́n á tú ohun tó rán, wọ́n á tún un rán, wọ́n á sì pa ẹnu mọ́. Wọ́n ṣe é fún ìyá Lavonne, ìyá náà sì ń yin ara rẹ̀ títí tó fi kú. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó di ète. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà ni mo máa ń fi ọkọ̀ gbé Ardith lọ sí kíláníìkì lọ́sàn-án, kí wọ́n ri ọwọ́ rẹ̀ bọ ìda gbígbóná nítorí làkúrègbé. Bí a bá ti jáde báyìí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á mú irin ìtúṣọ, wọ́n á tú gbogbo ohun tó fi ọ̀sẹ̀ kan rán. Lavonne ló ń tún un rán, nítorí òun lọwọ́ rẹ̀ dára jù nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló fi ń ránṣọ. Èmi kò mọ nǹkan kan. Mò ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ kí ọ̀nà má bàa gbò ó, mi ò mọ̀ pé àyè ni mò ń fi sílẹ̀ fún wọn.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Bí a bá padà dé, Ardith á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ìbora náà lára. Ìka rẹ̀ kò mọ ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì mọ̀ bí aṣọ bá tẹ́jú. Ó ń tẹ́jú sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó ní, “Merle, wá fọwọ́ kàn án. Ìda yẹn ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi ń padà bọ̀.”

Mo fọwọ́ kàn án. Mo ní, “Ìyàwó wa, pẹrẹsẹ ló tẹ́ bí ojú omi.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa. Obìnrin tó ti gbà pé ọwọ́ òun kú, ẹ wá jẹ́ kó gbà pé ó jíǹde. Inúure burúkú wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Corinne dé lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, àjọ̀dún ìparí oṣù kọkànlá. A jẹ tòlótòló, a jẹ páì elégédé, Ardith kò sì jẹ́ kí ọmọ náà mu kọfí tán kó tó fà á lọ sẹ́yìn ilé. Mo tẹ̀ lé wọn. Ìbora náà wà lórí àga ńlá. Corinne dúró sójú kan.

Ó ní, “Igi bẹ́ẹ̀ṣì mi! Mọ́mì, ẹ rántí igi yẹn?”

“Ṣé mo lè gbàgbé? Orí rẹ̀ lo ti já bọ́ tí apá rẹ fi kán.”

Corinne fi ìbora náà bora, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, omi dé ojú rẹ̀. Bí ó bá parí síbẹ̀ ni, ǹ bá má ní ìtàn tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú yìí ni. Ó yí i dojú dé, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

Ó ní, “Ta ló rán èyí?”

“Èmi ni.”

“Mọ́mì. Ọlọ́wọ́ òsì ló rán èyí. Ẹ wo bí ó ṣe dagun. Lavonne nìyí.”

“Èmi ni mo rán an, Corinne. Gbogbo rẹ̀. Bi Merle.”

Mo ní, “Òun ni. Èmi ni mo ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́.”

Corinne rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. “Abẹ́ férémù yìí ni mo gbé dàgbà. Ṣé n kò ní mọ ọwọ́ ìyá mi ni? Mo ní kó wọ́. Mo ní kó wọ́, Mọ́mì! Ọwọ́ yín nìkan ni mo tọrọ. Ẹ tún gbé tèmi fún ẹgbẹ́.”

“Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni.”

“Ó tó. Ẹ má tún purọ́ sí i.”

Ẹyin lohùn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fọ́. Corinne ká ìbora náà dáadáa, bí ẹní ká aṣọ àlejò, ó gbé e padà sórí àga. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ rẹ̀ ti kúrò níwájú ilé.

Ardith jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní kí n ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún òun. Ó fa ègé aṣọ funfun kan yọ, ó rán ìlà kan lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ahọ́n rẹ̀ ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ọmọdé tó ń kọ́ ìwé. Ó na aṣọ náà sí mi.

“Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ̀hún, Merle. Ṣé wọ́n jọra?”

Mi ò mọ nǹkan kan nípa ìránṣọ. Ṣùgbọ́n afọ́jú gan-an á rí èyí. Tọ̀hún tò bí àgbàdo nínú oko. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí.

Mo dákẹ́. Ó ní, “Mo ti gbọ́.”

Mo ní, “Jẹ́ kí n pe Corinne. Màá ṣàlàyé fún un.”

“Kí lo máa sọ? Pé ẹgbẹ́ tú u, ẹgbẹ́ tún un rán? Ohun tó sọ náà nìyẹn.”

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, àwọn obìnrin wọlé pẹ̀lú kéèkì wọn. Lavonne kọ́kọ́ rí ìbora lórí àga. Ó ní, “Ah-ah! Corinne kò tíì gbé e lọ? Ṣé kò fẹ́ràn rẹ̀ ni?”

Ardith ní, “Lavonne, nínú gbogbo ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ tí mo rán, ṣé ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀?”

Lavonne kì í purọ́, mo gbọ́dọ̀ yìn ín fún ìyẹn. Ó wo àwọn yòókù, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Ó ní, “A ò fi ọ̀kankan sílẹ̀, Ardith. A fẹ́ kó dára fún un ni. A tún un wò láti etí dé etí.”

“Ẹyọ kan, ní igun kan?”

“Rárá.”

Mo ti la ẹnu láti bú wọn. Mo ti to èébú náà jọ láti ọjọ́ Ìdúpẹ́, èyí tó máa ta wọ́n lára dé ọdún tó ń bọ̀. Ardith gbé ọwọ́ sókè, mo pa ẹnu mọ́.

Lavonne ní, “Kò burú, a máa ṣe òmíràn. Gbogbo wa máa ràn ọ́ lọ́wọ́. Kí Kérésì tó dé, a ti ṣe é tán.”

Ardith rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, “Òwú tí ẹ tú jáde ńkọ́? Òwú mi. Ibo ló wà?”

“Òwú wo? Ó ti já jálajàla. Mo dà á nù. Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Ardith ní, “Ì bá ṣe pé ẹ kó o pamọ́, ǹ bá dì í sínú páálí, ǹ bá fi ránṣẹ́ sí i. Òun ni mo rán fún un.”

Lavonne jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún. Ardith gbọ́ ọ. Kò sọ fún un pé kó dákẹ́.