Òrí Tí Mo Fi Wọ́ Ẹsẹ̀ Màmá

Lánàá, obìnrin kan jókòó tì mí nínú kẹ̀kẹ́ ní Ajah, òórùn òrí tó fi para gba gbogbo inú kẹ̀kẹ́ náà. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.

Òórùn yẹn ló kún yàrá ìyá mi àgbà ní Jakande lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi irin pààrọ̀ orúnkún Màmá ní ọsibítù. Sùtánà funfun Màmá kọ́ sára ìlẹ̀kùn, wọ́n ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa tún kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti wú láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń dán, ó gbóná bí ìkòkò orí iná.

Àǹtí mi ní, "Màmá, dókítà ní tó bá wú, ká tètè máa bọ̀."

"Kí wọ́n tún lọ là á? Mi ò lọ. Ọkọ mi, fi òrí wọ́ ọ. Ọwọ́ ọmọdé máa ń tuni lára."

Mo wọ́ ọ. Màmá payín keke, wọ́n ní ọwọ́ mi dáa, ni mo bá tún tẹ̀ ẹ́ gan-an, kí wọ́n lè tún yìn mí.

Lójijì, wọ́n fọwọ́ di àyà mú. Wọn ò lè mí dáadáa mọ́. Àǹtí mi sáré jáde láìwọ bàtà, ó ń pariwo pe kẹ̀kẹ́.

Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú ẹsẹ̀ yẹn, pé wọn kì í wọ́ irú ẹ̀ kó má baà ṣí lọ sínú àyà.

Lọ́jọ́ náà, mi ò dáwọ́ dúró. Títí wọ́n fi wá gbé Màmá, mo ń yára wọ́ ẹsẹ̀ wọn, kí ara wọn lè tètè yá.