Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí Bàbá Onítéèpù Máa Lọ

Téèpù kì í kúrò lọ́rùn bàbá náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Onítéèpù. Télọ̀ ni, iléeṣẹ́ kan nílùú òyìnbó tó ń rán aṣọ ibùsùn àti aṣọ dókítà fáwọn ilé ìwòsàn ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Gbọ̀ngàn gígùn kan ni. Máṣíìnì tò láti ẹnu ọ̀nà dé ibi fèrèsé, ariwo wọn sì le débi pé àwọn òṣìṣẹ́ á máa wo ẹnu ara wọn kí wọ́n tó gbọ́ra yé.

Ọwọ́ bàbá yá níbi iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ yé e. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kíni, ó mọ orúkọ òwú àti aṣọ, èyí tó kù, orí ló fi ń mì sí i. Máníjà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀dọ́mọkùnrin olóhùn pẹ̀lẹ́ kan, kò sì gbọ́ èdè míì ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, máníjà pè é wọ ọ́fíìsì. Ó fún un lága, ó bu omi fún un, ó wá ń rojọ́ lọ bí ẹni ń ka ìwé, tábìlì ló ń wò. Bàbá ń mi orí. Nígbà tó yá, ó gbọ́ gbólóhùn kan tó yé e ketekete: ọmọkùnrin náà ní àwọn ń jẹ́ kí ó máa lọ.

Inú bàbá dùn. Oòrùn ṣì wà lókè, wọ́n sì ní kó máa lọlé! Ó dìde, ó fọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ máníjà mú, ó dúpẹ́, ó tún ọpẹ́ dá, títí ojú ọmọkùnrin náà fi pọ́n.

“Kí ló dé tí ẹ tètè dé?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í. “Ṣé kò sí?”

“Ọ̀gá ló ní kí n máa lọ. Ọmọ gidi ni. Ó mọ̀ pé ara àgbà ń fẹ́ ìsinmi.”

Àwọn méjèèjì gbé àga síta, wọ́n ń ṣòfófó aládùúgbò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Nígbà tó débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti fi ọ̀rá bo máṣíìnì rẹ̀. Ó ṣí i, ó fa òwú sójú abẹ́rẹ́. Ló bá di pé máṣíìnì àwọn yòókù ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó ń bá wọn gán bọ́tìnnì sáṣọ àwọn dókítà dìde, ó fà á lọ́wọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Bàbá, kí ni wọ́n sọ fún yín lánàá?”

“Wọ́n ní kí n máa lọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti dá èèyàn dúró nìyẹn.”

Bàbá ní, “Àwọn ní kí n máa lọ, ìwọ ní wọ́n dá mi dúró. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?”

Ẹ̀rín pa obìnrin náà, kó tó rẹ́rìn-ín tán, omi ti bọ́ lójú rẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ tó bọ́ ló dun bàbá jù. Ọpẹ́ tó dá ló ń ta á lára. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó rò pé yóò fi òun ṣẹ̀sín. Ìyàwó ní, “Ẹ ò jalè, ẹ ò purọ́. Ẹni tó fi oyin bo oògùn kíkorò ló yẹ kójú tì.” Òun ló sì fà á lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní ilé ìkàwé àdúgbò.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀ ló ti nawọ́ sókè. Ó ní kí ló dé tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í sojú abẹ níkòó? Olùkọ́, ìyá arúgbó kan tó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tó sojú abẹ náà wà: wọn a máa ní wọ́n fún èèyàn lápò. Wọ́n ní láyé àtijọ́, inú àpò ni oníṣẹ́ ọwọ́ ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ọjọ́ tí ọ̀gá bá na àpò náà sí i, ó parí. “Mi ò lè búra sí i,” ni olùkọ́ wí, “àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ṣé ẹ̀yin náà kì í fọ̀rọ̀ pamọ́ ni?”

Bàbá fèsì pé, “À ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà wa kì í kú, ńṣe ló ń papò dà.” Olùkọ́ túmọ̀ rẹ̀, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà tó lọ wáṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ́tìnnì kan. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù fọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀, ó yìn ín, ó wá ní bàbá yóò máa gbúròó àwọn. Bàbá ti fẹ́ dúpẹ́. Ló bá tún jókòó.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo níṣẹ́ àbí mi ò níṣẹ́?”

Obìnrin náà ní, “Ẹ ò níṣẹ́, bàbá. Ẹni tó lè gun àkàbà láti fi kọ́tìnnì kọ́ ni mò ń wá.”

Ó dun bàbá, àmọ́ ó yé e. Ó ti ń ṣílẹ̀kùn nígbà tí obìnrin náà pè é padà: “Ṣé ẹ ní máṣíìnì nílé?”

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe ń tọ̀ ọ́ wá sílé. Kọ́tìnnì gba orí bẹ́ẹ̀dì, ó gba orí àga, títí ìyàwó fi figbe ta lọ́jọ́ kan pé fèrèsé aládùúgbò gbogbo ló ti rí aṣọ wọ̀, tàwọn nìkan ló wà níhòòhò. Bàbá ti iṣẹ́ oníṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wọn fèrèsé yàrá, ó bi í ní irú àwọ̀ tó fẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ.