Ọkùnrin Tó Ń Kọ́ Ọmọ Mi Níṣẹ́ Òòfà

Ẹni tó bá wù ú lè pè mí ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń ràn, n kò sùn, n kò ṣàìsàn. Ojú mi méjèèjì ló rí i.

Bùsọ́lá, àbíkẹ́yìn mi, ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ òòfà ló ń ṣe, irin tó ń fa irin mọ́ra, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú fóònù àti rédíò. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, wọ́n á yan án nínú iná, wọ́n á wá wọn agbára rẹ̀.

Iná yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ mi á ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Bọ̀dá Tádé tó ń kọ́ mi níṣẹ́ kì í fi èmi nìkan sílẹ̀ nídìí iná."

Tádé pọ̀ nílẹ̀ yìí. N kò fura.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo wọkọ̀ láti Oǹdó lọ wo láàbù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà fúnra mi. Lẹ́nu ọ̀nà, Bùsọ́lá ní kí n bọ́ aago àti yẹtí mi sínú abọ́ oníke, nítorí òòfà ńlá tó wà nínú ilé.

Ọkùnrin kan tó kẹ̀yìn sí wa sọ pé, "Mọ́mì, ẹ yọ pín-ín-nì ìró yín náà o, kí òòfà má baà já a nídìí yín lójú ọmọ."

Ó yíjú padà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ ojú yẹn.

Akíntádé ni, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ní Oǹdó, tí ìjàm̀bá ọkọ̀ pa. Ẹ mọ̀ pé òbí kì í dé ibojì ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo lọ dípò ìyá rẹ̀. Mo rí àpá eyín ajá lábẹ́ ojú ọ̀tún rẹ̀ kí wọ́n tó kan ìdérí pósí. Àpá náà ni mò ń wò yìí.

Àwọn àgbà ní a kì í pe àkúdàáyà lórúkọ. Ẹni tó bá pè é ti lé e nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹnu mi yọ: "Akíntádé? Àjàní?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màámi."

Ó ní òun ń lọ pọn omi. Ó fi iná sílẹ̀ bó ṣe ń jó, kò sì padà. Nígbà tí a dé ilé tó ń gbé ní Ìsìkàn, nínú Àkúrẹ́ náà, wọ́n ní ó ti kẹ́rù.

"Mọ́mì, kí lẹ ṣe fún wọn?" Bùsọ́lá kàn ń béèrè. "Iṣẹ́ mi ò tíì parí."

Mo sọ fún un. Ó yíjú sí fóònù rẹ̀, ó ń pe ọkùnrin náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin náà pè é lórí fóònù. Ó ní ìlú Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lòun wà báyìí, kó kó ìyẹ̀fun irin tó kù wá, kí àwọn jọ parí rẹ̀. Ọmọ mi ti dì í sínú báàgì kí n tó mọ̀. Mo mú un wá sílé ní Oǹdó. Ó ń wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mo kú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ wo ojú ẹni tó ń kọ́ ọmọ yín níṣẹ́. Tí ẹ bá sì dá a mọ̀, ẹ má pè é o. Ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú, kí ẹ máa lọ.