Àgùàlà Tí A Pè Ní Oṣù

Ní ìrọ̀lẹ́ àwẹ̀, òórùn àkàrà tí wọ́n ń dín ní Bẹẹrẹ máa ń gun òkè Màpó wá bá ẹni tí kò tíì fi omi kan ẹnu láti ìdájí. Nísàlẹ̀, òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ rẹrẹ lọ títí, gbogbo rẹ̀ á sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oòrùn bá ń wọ̀. Mo ti rìn díẹ̀ láyé, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibòmíràn tí oòrùn ti ń wọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti máa ń wo oṣù fún agbo ilé wa ní Àrẹ̀mọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára agbádá. Nígbà náà, a kì í dúró de rédíò. Bí àwẹ̀ bá pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àwọn àgbà bíi mẹ́fà á gòkè, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ilé ń wò. Bó bá ní oṣù ti lé, ọdún dé nìyẹn. Bó bá ní kò lé, a ó gba ọgbọ̀n. Kò ṣì í wò rí. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ nígbà náà pé ó ti tó ọdún kan tí òun ti ń bá a ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ní ọdún kejì mi ní yunifásítì, níbi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, mo bá wọn gòkè. Oòrùn wọ̀, a wo ìwọ̀-oòrùn títí. Lójijì ló na ìka: "Ó ti lé! Àlùhámúdù lílàhì!" Àwọn yòókù ṣe kábárá, inú wọn dùn. Mo wo ibi tó nà sí. Ohun tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, ó ń dán lóun nìkan, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ bí oṣù tuntun. Àgùàlà ni, ìràwọ̀ ńlá tí àwọn èèyàn wa ń pè ní ajá oṣù nítorí pé ó máa ń bá oṣù rìn. Ajá ti jáde, ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá dákẹ́, odindi agbo ilé yóò jẹ àwẹ̀ kan. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti dójú ti àgbà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá," mo rọra wí, "ẹ má bínú. Àgùàlà lẹ rí."

Alápatà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fò mọ́ mi. "Ìwọ alákọ̀wé! Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín níbẹ̀ nìyẹn? Ìgbà tí bàbá yìí ti ń wo oṣù, wọn ò tíì fẹ́ ìyá rẹ sílé!"

"Fi í sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. Ó fi etí agbádá nu ojú, ó tún wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ṣì í wò. Ajá ni mo rí." Ó kọjú sí mi. "Ó dáa, kí ni wọ́n sọ fún yín pé ó jẹ́?"

Mo ní kì í ṣe ajá ẹnì kankan. Ayé kan ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó tiwa, ó sì jìnnà débi pé bí èèyàn bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀ kò ní dé ibẹ̀.

"Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ la wà ńkọ́, báwo ni tiwa á ṣe rí?"

"Bí èyí náà ni, Bàbá. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan. Oṣù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á tún kéré sí i."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Oṣù á wá di ajá tiwa! Ìbàdàn, Mẹ́kà, òkun, gbogbo wa pátá, nínú ohun tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ." Ó tún na ìka sí i. "Ọlọ́run sì ń rí òwú kì bọ̀ ọ́."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni alápatà wí. "Ta ni yóò lọ sọ fún àwọn obìnrin?"

"Èmi ni."

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ dúró láàárín agbo ilé, níbi tí ìròyìn pé oṣù ti lé ti ṣáájú wa dé, tí wọ́n ti ń jó. Kò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. "Oṣù kò lé. Ojú mi ló tàn mí. Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa wò ó, ojú mi kò dá mọ́. Àwẹ̀ ń bẹ lọ́la." Wàhálà dé. Ìyàwó rẹ̀ kígbe sí mi: "Alákọ̀wé, o ṣeun o! Ata tí mo ti lọ̀ yìí, ṣé kí n gbé e lọ fún àwọn ará Àgùàlà?" Ilé gba ẹ̀rín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, oṣù yọ tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ọ̀run, kò sẹ́ni tí kò rí i.

Mo di olùkọ́ físíìsì lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń kọ bí àgbáyé ṣe fẹ̀ tó sójú pátákó, òdo lórí òdo, àwọn ọmọ kíláàsì á sì pariwo. Mo rò pé mo mọ bí èèyàn ṣe kéré tó. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá ṣi ìṣirò ṣe, tí ọmọ kan sì tọ́ka sí i, ńṣe ni mo máa ń ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti dán wọn wò ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò kọ òdo kan rí títí ó fi kú. Síbẹ̀, nínú àwa méjèèjì, òun ló gbà tọkàntọkàn pé kékeré ni òun. Ó gbà á débi pé ó lè dúró lójú gbogbo ilé kó ní òun ṣìṣe, kó sì lọ jókòó ti ẹ̀kọ ìṣínu rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.